Práktíkà inorganic ọdún kejì: kí la lè yọ kúrò, kí la sì fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀?

ọmọ_bùréètì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé. Ìrànlọ́wọ́ ni mo wá tọrọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìwé práktíkà inorganic ọdún kejì lé mi lọ́wọ́ ní dípátímẹ́ǹtì wa, yunifásítì ìpínlẹ̀ ni, mi ò ní dárúkọ, H.O.D. ní kí n tún un kọ kí àwọn àkírẹ́dítéṣọ̀n tó dé. Ìwé tí mo bá ńlẹ̀ yìí, ó jọ pé ó dàgbà jù mí lọ, fọ́tókópì lórí fọ́tókópì ni wọ́n ń ṣe é bọ̀, àwọn ojú ewé kan ò tiẹ̀ ṣeé kà mọ́.

Ohun tó wà nínú ẹ̀ nìyí: group analysis (bí a ṣe ń ya àwọn irin inú omi sọ́tọ̀ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ láti mọ èyí tó wà níbẹ̀) pẹ̀lú gáàsì H2S láti inú Kipp (ohun èlò tí a fi ń ṣe gáàsì), lead nitrate, mercury chloride, barium chloride, chromyl chloride test fún chloride, Nessler fún ammonia, cobalt ammine (cobalt tí ammonia so mọ́), àti titration irin pẹ̀lú potassium dichromate. Tí a bá ṣe tán, chromic acid la tún ń da sínú bùréètì kó lè mọ́. Gbogbo ẹ̀ pátá, sìńkì ló ń gbà lọ. Mo tẹ̀lé páìpù yẹn jáde, ẹ̀yìn láàbù ló já sí, inú sókáwèé kan tó ti ya ẹnu, kànga tí àwọn olóúnjẹ ń pọn omi ńbẹ̀ ò sì jìnnà, téèyàn bá dúró lójú fèrèsé láàbù á rí i.

Mo ti ka nípa green chemistry (kẹ́místìrì tó ń dín oró àti ìdọ̀tí kù), ìlànà 12 tí Anastas àti Warner gbé jáde lọ́dún 1998, ó dùn-ún kà lóòótọ́ ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí gbogbo èèyàn ń mú wá, organic ṣáá ni, ẹ yí solvent yìí padà, ẹ lo enzyme, ẹ lo epo ewéko. Tiwa ńkọ́? Òjé kì í jẹrà. Chromium kì í jẹrà. Bó o bá dà á nù lónìí, ọmọ ọmọ ẹ á bá a níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ní tó 180, fiúmù kọ́bọ́ọ̀dù méjì, wọ́n ti ń kó fáìlì sínú ọ̀kan. Owó ò sí, mo mọ̀ pé ẹ ti mọ ìyẹn. Ọ̀gá kan sì ti kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá fi lè yọ group analysis kúrò, mo ti sọ àwọn ọmọ yẹn di kẹ́mísìtì orí ìwé nìyẹn. Kí ni kí n kọ́kọ́ yọ? Kí ni kí n fi rọ́pò ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ yín ṣe, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ kà.

Ìyá_Láàbù

Ẹ kú iṣẹ́ o ọ̀gá ọmọ_bùréètì. Tẹkinọ́lọ́jíìsì ni mí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fọ tẹ́sìtì tiúbù tí ẹ̀yin olùkọ́ ń fi sílẹ̀ lórí tábìlì, torí náà ẹ jẹ́ n sọ tèmi láti ibi sìńkì wá.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ dín ìwọ̀n kù ná. Gbogbo ìwé àtijọ́ wọ̀nyí ni yóò ní kí ọmọ da 5 ml, kó tún da 5 ml mìíràn lé e, kó tún fi kún un títí á fi pọ̀ jù. Ta ló nílò 5 ml kó tó mọ̀ pé nǹkan funfun? Ẹ̀kán mẹ́rin ti tó, ẹ̀kán mẹ́rin ò sì ju 0.2 ml lọ. Ike tí wọ́n fi ń di oògùn oníhóró, èyí tó ní kòtò kòtò yẹn, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ ìwé funfun sábẹ́ ẹ̀ kan, ìwé dúdú sábẹ́ èkejì, ẹ ti ní àwo ìdánwò nìyẹn, sírínjì kékeré tí a ti yọ abẹ́rẹ́ ẹ̀ sì lè ṣe iṣẹ́ dúrọ́pà. Àwọn RADMASTE ní yunifásítì Wits ní Johannesburg ti ń ṣe àwo oníke tó dáa fún irú iṣẹ́ yìí tipẹ́, UNESCO náà sì bá wọn gbé e lọ sí orílẹ̀-èdè púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àìní àwo yẹn dá yín dúró.

Ẹ wá wo ohun kan tí ẹnikẹ́ni kì í sọ. Nígbà tó jẹ́ pé tiúbù ńlá la ń lò, ọmọ mẹ́wàá ló ń yí tiúbù kan ká, ẹni tó di tiúbù mú nìkan ló ń ṣe práktíkà, àwọn tó kù ń da tirẹ̀ kọ ni. Nígbà tó di ẹ̀kán-ẹ̀kán, olúkúlùkù ní ike tirẹ̀ níwájú, ó di dandan kó fi ojú ara ẹ̀ wò ó. Èmi ò mọ̀ bóyá green lẹ ń pè é, èmi mọ̀ pé àwọn ọmọ ń kọ́ nǹkan.

Chromic acid yẹn, ẹ pa á tì lónìí, ẹ má dúró de ìwé tuntun. Ọṣẹ àti omi gbígbóná, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, á mọ́. Tó bá jẹ́ àbàwọ́n permanganate tó máa ń di àwọ̀ ilẹ̀ yẹn ni, ẹ lọ vitamin C tí wọ́n ń tà ní kẹ́místì, ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ dà á sí i, ẹ ó rí i bó ṣe ń ṣí kúrò lójú yín. Nessler náà, mẹ́kúrì ni, kí la fẹ́ fi ṣe? Lítímọ́ọ̀sì pupa tó tutù lẹ́nu tiúbù á sọ fún yín pé ammonia ń jáde. Chromyl chloride test ò wúlò fún nǹkan kan tí ẹ̀kán silver nitrate kan pẹ̀lú nitric acid tó ṣàn ò lè sọ fún yín, fàdákà yẹn sì ṣeé gbà padà. Barium lè dúró, ṣùgbọ́n ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, kẹ́ ẹ sì da sodium sulphate sí gbogbo èyí tó bá ṣẹ́kù, á di BaSO4, ìyẹn ò sì ní yọ́ mọ́.

Lẹ́yìn náà ẹ wá kẹ́ẹ̀gì. Bàbà lọ́tọ̀, fàdákà lọ́tọ̀, àwọn olóró lọ́tọ̀. Ẹ kọ orúkọ sí i lára pẹ̀lú máákà tí omi ò lè pa rẹ́.

zobo_gang

Ẹ̀yin àgbà ẹ kú àlàyé. Èmi ṣì ń ṣe master's. Kí ló dé tí ẹnì kankan ò dárúkọ zobo? A fi ìṣápá pupa ṣe indicator nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta, ó pupa nínú ásíìdì, ó di àwọ̀ ewé nínú alkali, àwọn ọmọ gbádùn ẹ̀ gan-an, kò sì náni ní nǹkan kan. Ìyẹn ni green tòótọ́, ọgbọ́n ilẹ̀ wa.

Òmíràn tún ni eérú èèpo kòkó. Ní apá Oǹdó níbi tí mo ti wá, òun ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú láti ayébáyé, potash ló kún inú ẹ̀. Kí ló dé tí a ń ra potassium carbonate tí wọ́n kó gba Ojota wá nígbà tí a ń sun èyí tiwa nù lóko?

Kẹ́mísìtì_Òkè_Àdó

Àbúrò zobo_gang, mo fẹ́ràn zobo, mo ń mu ún gan-an. Ṣùgbọ́n indicator tí a fi zobo rọ́pò ẹ̀, ẹ̀kán méjì phenolphthalein ni. Kì í ṣe phenolphthalein ló ń ba kànga jẹ́. Nǹkan tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ green chemistry nílé wa nìyí o, zobo ni gbogbo èèyàn ń gbé lọ sí conference, tí lead nitrate ṣì ń lọ nínú sìńkì ní láàbù tí wọ́n ti yà fọ́tò zobo náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọmọ 180, ẹnì kọ̀ọ̀kan 5 ml lead nitrate 0.1 M fún ìdánwò kan ṣoṣo. 900 ml nìyẹn, lead nitrate inú ẹ̀ ku díẹ̀ kó pé 30 g, òjé gangan inú ẹ̀ jẹ́ 18.6 g. Ó kéré lójú, ṣé? WHO ní omi mímu kò gbọdọ̀ ní òjé ju 0.01 mg nínú lítà kan. 18.6 g tó láti gbé omi tó ju lítà 1,800,000 dé ojú ìwọ̀n yẹn. Tánkà omi oní lítà 10,000 bíi 186. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ á di díẹ̀ nínú ẹ̀ mú, kò ní tàn ká dọ́gba bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdánwò kan lèyí, ọ̀sán kan, kíláàsì kan. Ohun tí òjé ṣe fún àwọn ọmọdé ní Zamfara lọ́dún 2010 kò yẹ kí ó ṣì máa ya kẹ́mísìtì kankan lẹ́nu, ọmọ tó lé ní 400 ló kú.

Ẹ wá ṣe ìṣirò kan náà fún bàbà. Ìwọ̀n kan náà, 0.1 M, 900 ml, bàbà inú ẹ̀ 5.7 g. Ìlànà WHO fún bàbà 2 mg ni nínú lítà. Omi tó lè gbé dé ojú ìwọ̀n kò tó lítà 3,000, kò tó ìdá mẹ́ta tánkà kan. Ìyàtọ̀ yẹn ni green inorganic wà, àwọn ọmọ sì lè fi kálúkúlétọ̀ ṣe é fúnra wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìgò kankan, ìwé iṣẹ́ wọn àkọ́kọ́ nìyẹn lójú tèmi. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má wá máa da bàbà nù torí mo sọ báyìí, ẹja ò lè fara dà á bíi tèèyàn, tí odò àbí adágún ẹja àrọ̀ bá wà nísàlẹ̀ yín, wọ́n á gbọ́.

Ní ti eérú kòkó, ibẹ̀ ni mo ti bá ẹ lọ. Ẹ fi omi rẹ eérú, ẹ sẹ́ ẹ, K2CO3 ló pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ fi HCl ṣe titration láti mọ bó ṣe le tó. Tí ẹ bá fi slaked lime (Ca(OH)2) sí i, chalk á lọ sísàlẹ̀, KOH á dúró lókè. Ẹ wá wá agolo malt, ẹ fi iyanrìn pépà ha ọ̀dà ìta àti ike inú ẹ̀ dànù, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi KOH yọ́ ọ, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi sulphuric acid sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù: álọ́ọ̀mù! Álọ́ọ̀mù tí ìyá wọn ń jù sínú omi kànga kó lè tòrò. Alumíníọ̀mù 1 g kò lè fún wa ju álọ́ọ̀mù 17.6 g lọ, kí ọmọ wọn tirẹ̀, kó sọ ìdá mélòó tó rí nínú ọgọ́rùn-ún àti ibi tí èyí tó kù gbà lọ. Tí KOH tó wá láti inú eérú bá rọ̀ jù, á pẹ́ kí agolo tó yọ́, ẹ lè fi ti ìgò kún un. Hydrogen ló ń hó jáde o, torí náà ẹ ṣí fèrèsé, kò gbọdọ̀ sí iná, kò gbọdọ̀ sí Bunsen nítòsí.

Àgbà_Kipp

Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Ẹ má bínú, àwa náà ṣe H2S, gbogbo ilé kẹ́místìrì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́, a ò kú, a sì di ènìyàn. Group analysis kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí nǹkan funfun kí nǹkan dúdú. Ibẹ̀ lọmọ ti ń mọ solubility product (ìwọ̀n tí nǹkan lè yọ́ dé nínú omi kó tó sọ̀kalẹ̀), ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ pé pH ló ń pinnu ohun tó máa sọ̀kalẹ̀ àti ohun tó máa dúró, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ sùúrù. Ẹ̀yin fẹ́ fún wọn ní ike oògùn àti agolo malt. Olùdánwò tó bá ti ìta wá á rẹ́rìn-ín.

Tó bá jẹ́ gáàsì yẹn lẹ̀ ń sá fún, thioacetamide wà. Ẹ gbé e gbóná nínú omi, á tú H2S sílẹ̀ níwọ̀nba. Ìṣòro tán.

Kẹ́mísìtì_Òkè_Àdó

Ẹ kú àgbà sà. Ọ̀rọ̀ yín lórí solubility product, òtítọ́ pọ́nńbélé ni, tí ìwé tuntun bá yọ ọ́ kúrò kò tíì ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n takò yín díẹ̀ níbi méjì.

H2S ò ṣeé fi òórùn ṣọ́. Tó bá ti tó bíi 100 ppm nínú afẹ́fẹ́, imú á kú, ẹni tó wà níbẹ̀ á rò pé gáàsì ti lọ, àṣé ó ń pọ̀ sí i ni. Fiúmù kọ́bọ́ọ̀dù kan fún ọmọ 180, nígbà tí iná NEPA lè lọ nígbàkugbà tí fáànù ẹ̀ á sì dúró, kí ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí ìyẹn fọwọ́ sí i, èmi ò ní sí níbẹ̀. Thioacetamide sì rèé, wọ́n fura sí òun fúnra ẹ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ, H2S kan náà ló sì ń tú jáde, òjé àti cadmium àti mẹ́kúrì tó wà nínú group II náà ò lọ síbì kankan. A kàn yí ìgò padà ni.

Ẹ wo èyí: Fe3+ (irin), Al3+ (alumíníọ̀mù), Zn2+ (zinc) àti Mg2+ (magnesium) nínú omi kan. Ẹ fi NH4Cl sí i, ẹ wá fi ammonia sí i dáadáa. Irin àti alumíníọ̀mù á sọ̀kalẹ̀. Zn á di ammine, á dúró nínú omi. Mg náà á dúró, ìbéèrè tó dáa jù lọ sì nìyẹn: kí ló dé tí Mg ò sọ̀kalẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé tí a bá fi NaOH nìkan sí i ó máa ń sọ̀kalẹ̀? Ọmọ tó bá lè fi ìṣirò Ksp (solubility product yẹn) dáhùn pé ammonium ló dín OH⁻ kù, ó ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó mọ̀ láti ara H2S. Ẹ wá fi NaOH sórí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, alumíníọ̀mù á yọ́, irin á kù sílẹ̀, thiocyanate ẹ̀kán kan nínú irin tí a ti fi ásíìdì yọ́, pupa fòò. Àárín irin mẹ́rin tí kò pa ẹnikẹ́ni lára lẹ ti rí amphoteric (alumíníọ̀mù tó yọ́ nínú NaOH), common ion (ammonium tó dín OH⁻ kù), complex (zinc tí ammonia dì mú), gbogbo ẹ̀. Group II, ẹ fún wọn ní àbájáde lórí pépà kí wọ́n rò ó bí ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀ràn.

Fún titration, kí permanganate gba ipò dichromate, kí wọ́n sì lo tábúlẹ́ẹ̀tì ferrous sulphate tí wọ́n ń fún aláboyún ní hóspítù, kí wọ́n sọ bóyá ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí ló wà nínú ẹ̀. Dichromate tó ti wà nílẹ̀, ẹ má dà á nù o. Ẹ sọ ọ́ di ásíìdì, pH bíi 2, ẹ fi sodium metabisulphite sí i díẹ̀díẹ̀ títí ọsàn á fi di àwọ̀ ewé, ẹ wá gbé pH lọ sí 8 tàbí 9, Cr(OH)3 á sọ̀kalẹ̀. Tí ẹ bá fi alkali sí i jù á tún yọ́ padà. Ẹ ṣe é níbi tí atẹ́gùn wà torí metabisulphite nínú ásíìdì ń tú SO2.

Ní ti àwọn olùdánwò, CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ yunifásítì tí NUC gbé jáde, ìdá 70 ni tiwọn, ìdá 30 wà lọ́wọ́ yunifásítì. Àyè wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fi ìbọn sí wa létí pé dandan ni Kipp.

Adé_Belfast

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, láti Belfast. Mo ń ṣe demonstrator fún àwọn ọdún kejì níbí. Ẹ̀kán-ẹ̀kán tí Ìyá Láàbù ń sọ yẹn, wọn ò fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀ níbí o, CLEAPSS tó ń gba àwọn ilé ẹ̀kọ́ England, Wales àti Northern Ireland nímọ̀ràn náà ń kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń kán nǹkan sórí ike pẹlẹbẹ tí ìwé iṣẹ́ wà lábẹ́ ẹ̀. Torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé iṣẹ́ aláìní ni.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ fi kún un. Àkọ́kọ́, ẹ lè ṣe complex láìlo omi rárá. Ní Queen's University níbí, Stuart James àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbé e jáde lọ́dún 2006 pé tí wọ́n bá lọ copper acetate àti isonicotinic acid pọ̀ nínú ẹ̀rọ tó ní bọ́ọ̀lù, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti di MOF (irin àti organic tó so pọ̀ bí àwọ̀n tó ní ihò kéékèèké), kò sí solvent, òórùn acetic acid ló máa sọ fún ẹ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn wọ́n, mo mọ̀, àmọ́ ọmọ ọlọ àti ọlọ kékeré tó wà ní láàbù lè fi èrò yẹn han àwọn ọmọ, bí ìgbà téèyàn bá ń lọ ata, kò kàn ní jinná tó ti ẹ̀rọ ni, kí wọ́n sì bo imú nítorí ìyẹ̀fun. Tí isonicotinic acid ò bá sí, ẹ fi sílẹ̀, kì í ṣe dandan.

Èkejì ló ká mi lára jù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn ìdọ̀tí wọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Atom economy (ìdá ohun tó wọ inú ìdọ́gba tó di ohun tí a fẹ́) tí Trost mú wá lọ́dún 1991, E-factor (ìwọ̀n ìdọ̀tí tí a pín sí ìwọ̀n ohun tí a rí) tí Sheldon mú wá lọ́dún 1992, ẹ fi méjèèjì sójú kan náà. Mú copper ammine sulphate, èyí tí mo rò pé kó rọ́pò cobalt yín torí cobalt náà kì í ṣe ẹni ire. 5 g CuSO4·5H2O, ammonia tó le 10 ml, ethanol 20 ml kó lè sọ̀kalẹ̀, acetone 5 ml láti fi fọ̀ ọ́. Atom economy á sọ fún yín pé 77%, ẹ ó máa yọ̀. Ẹ wá ṣe E-factor: yàtọ̀ sí omi (àfi èyí tó wà nínú ammonia yẹn), ohun tó wọlé bíi 33.5 g, tí kírísítà tó jáde bá jẹ́ 4 g, 29.5 g ló di ìdọ̀tí, E-factor ti lé ní 7. Ohun kan náà, nọ́ńbà méjì tí kò jọra, ethanol ló fa èyí tó pọ̀ jù. Báyìí ni kẹ́ ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ọmọ: kí lo lè dín kù? Ẹnì kan á ní ká lo ìdajì ethanol ká fi í sínú áìsì, ẹnì kan á ní ká má fọ̀ ọ́ pẹ̀lú acetone, ká jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀. Kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n ṣírò ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Máàkì yẹn, ẹ má fún ẹni tó ní kírísítà púpọ̀ jù nìkan.

Tósìn_300L

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ọ̀gá wa, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mi ò mọ̀ bóyá mo láṣẹ láti sọ̀rọ̀ níbí. Àmọ́ òtítọ́ ibẹ̀ ni pé àwa ò mọ ohunkóhun nípa ibi tí ìdọ̀tí ń lọ, wọn ò béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ wa rí nínú ìdánwò, wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé práktíkà, precaution tí a máa ń kọ ò ju "mo yẹra fún àṣìṣe parallax" lọ, kódà nígbà tó jẹ́ tẹ́sìtì tiúbù la lò tí kò sí parallax kankan níbẹ̀ 😂. Tí ẹ bá fi máàkì sí i a máa kọ́ ọ. Tí kò bá sí máàkì níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tan ara yín, sìńkì náà ló ń lọ.

ọmọ_bùréètì

Ha, ẹ ṣeun ẹ̀yin ará, mi ò rò pé màá rí èsì báyìí. Tósìn, ọ̀rọ̀ ẹ ló gún mi lára jù, màáàkì 5 nínú 20 á wà fún ìdọ̀tí nínú ìjábọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tí mo dé rèé: ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìṣirò tánkà àti bí a ṣe ń lo ike. Lẹ́yìn ẹ̀ anion ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, lẹ́yìn ẹ̀ irin mẹ́rin yẹn, ó sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì torí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe èyí tí wọn ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Permanganate àti tábúlẹ́ẹ̀tì. Álọ́ọ̀mù láti ara agolo. Copper ammine pẹ̀lú E-factor ló kẹ́yìn. Titration tòótọ́ pẹ̀lú bùréètì 50 ml á wà, ọwọ́ wọn gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lò, mi ò fẹ́ kí Àgbà Kipp bínú sí mi. Mẹ́kúrì, òjé, Kipp, chromic acid ti lọ. Cobalt náà ti lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ ẹ̀ rẹwà, ó dùn mí díẹ̀.

Ìyá Láàbù, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Mo fẹ́ kí a gba bàbà padà kí ó di copper sulphate fún ọdún tó ń bọ̀. Mo dán an wò ní kékeré lánàá, mo da washing soda sí omi copper ammine tó ṣẹ́kù, nǹkan kan ò sọ̀kalẹ̀ dáadáa, búlúù tó jin yẹn kàn dúró síbẹ̀ ń wò mí. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Ìyá_Láàbù

Ammonia ló di bàbà yẹn mú, kò ní jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi sulphuric acid tó ṣàn sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rò ó, títí búlúù tó jin yẹn á fi di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti copper sulphate lásán. Á gbóná díẹ̀, ẹ má kánjú. Tí ethanol bá wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ má gbé e sórí iná rárá o, ẹ ṣí i sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn wà kó lọ ná.

Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá da washing soda sí i, ìwọ̀nba ìwọ̀nba, á máa hó, torí náà kí ohun tẹ́ ẹ lò tóbi ju omi yẹn lọ dáadáa. Nǹkan búlúù tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé á sọ̀kalẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ rọra da omi òkè kúrò, tí omi náà bá ṣì ní búlúù, ammonia ló ṣẹ́kù nínú ẹ̀, ẹ dá a padà sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ fi omi fọ gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ wá fi sulphuric acid tó ṣàn yọ́ ọ, ẹ dúró nígbà tó bá ku díẹ̀ kó yọ́ tán kí ásíìdì má baà pọ̀ jù, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá gbé e sínú àwo fífẹ̀ létí fèrèsé. Lásìkò ọyẹ́ ó máa ń yára gbẹ, lásìkò òjò á pẹ́. Kírísítà àkọ́kọ́ yẹn, ẹ má fún àwọn ọmọ fi ṣe titration, ó lè má mọ́ tó, fún copper ammine nìkan ni kẹ́ ẹ fi pamọ́.